Ohun Tí Ìgò Kò Rí

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kejì

A bẹ̀rẹ̀ lónìí. Bí ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn ni wọ́n ní ká yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò káàkiri agbègbè yìí, kí wọ́n lè mọ iye ẹni tó ní S tó ń fa fòníkú-fọ̀ladìde, iye ẹni tó ní C tó jọ ọ́, àti iye ẹni tí kò ní nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èmi, Onísùúrù tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní lábù, àti táńkì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tuntun kan ṣoṣo. Ọ̀gá ilé ìwòsàn wa dúró níwájú wa, ó ní iṣẹ́ iyì ni. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ iyì, kó wá bá wa gbé jẹnẹrétọ̀.

Iléèwé girama la kọ́kọ́ lọ. Ọmọ 64. Mẹ́ta dákú nígbà tí wọ́n rí abẹ́rẹ́, olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú wọn. Ooru mú débi pé ìbọ̀wọ́ ọ̀rá lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, awọ ara mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ.

Ìyàwó àbúrò mi pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò gbé e. Oṣù mẹ́rin rèé tí a ti ní kó máa lọ, kí ló tún ń wá lọ́dọ̀ mi? Àbúrò mi jẹ́ AA, òun jẹ́ AS, ọmọ tó gbé sọ́wọ́ jẹ́ SC, irú fòníkú-fọ̀ladìde kan. Ta ló fún ọmọ ní C? Kó lọ wá ìdáhùn ìyẹn ná, kó tó máa fi fóònù dà mí láàmú.

Ọjọ́rú, 5

Báyìí ni mo ṣe ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ iléèwé: a máa fi ẹ̀jẹ̀ sórí bébà, a máa tì í bọ inú táńkì, iná á sì lé e. Lẹ́tà A ló ń sáré jù. S ń rìn láàárín. C ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lẹ́yìn. Bàbá rẹ fún ọ ní ọ̀kan, ìyá rẹ fún ọ ní ọ̀kan, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ lẹ́tà méjì.

Ọmọkùnrin kan ká apá kò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Mà, a ò ní fòníkú-fọ̀ladìde nínú ìdílé wa." Mo ní, "Ta ló bi ìdílé ẹ?" Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. AS lòun náà. Nínú ọmọ mẹ́rin tí mo bá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan máa ń jẹ́ AS, síbẹ̀ kò sí ìdílé kan tó ní in. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ ló ti ń wọlé.

Ọjọ́bọ̀, 6

Iná lọ nígbà tí bébà wà nínú táńkì. Ó dé. Ó tún lọ. Ẹ̀jẹ̀ ogójì ènìyàn dúró wúrúwúrú sójú kan. A máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Epo jẹnẹrétọ̀ tún ti wọ́n sí i. Mo bú ẹni tó gé iná, mo bú ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Ọ̀dọ̀ àwọn aláboyún la wà. Ènìyàn 310 la ti yẹ̀ wò, 23 nínú wọn jẹ́ AC. Kò ṣeé ṣe. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́ sọ pé C ò pọ̀ lágbègbè yìí, pé kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ó wá di méje lójijì? Mo jágbe mọ́ Onísùúrù pé kò po omi táńkì dáadáa. Ó wò mí títí, ó ní, "Àǹtí Lábù, ẹ̀yin náà lẹ pò ó." A dà á nù, a po òmíràn, a tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

23.

Mo délé bá Màámi lórí àga mi. Ó ní ìyá ọmọbìnrin tí a lé yẹn ránṣẹ́ sí òun, pé ọmọ ń ké nítorí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, pé ká jọ̀wọ́ ká ran àwọn lọ́wọ́ lórí oògùn.

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní kí ẹni tó gbin iṣu wá wa iṣu rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Ibùdókọ̀. Àwọn awakọ̀, àwọn agbèrò, àwọn tó ń ta omi. Fọganáísà kan fa káàdì yọ nínú àpò, ó ti gbó, òróró sì ti bo etí rẹ̀. "Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ gún mi. Èmi ti mọ tèmi. AA ni mí. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́." Òótọ́ ni, ìkọ̀wé mi nìyẹn, òǹtẹ̀ wa nìyẹn. Mo ní kó jẹ́ kí n gún un bẹ́ẹ̀ náà, nítorí iye la ń kà.

AC.

Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo pè é padà. "Èwo wá ni kí n gbà, ti àná ni tàbí ti òní?" Mo yíjú sí Onísùúrù, mo sọ ọ́ sí i lójú níwájú gbogbo ibùdókọ̀ pé ó ti pààrọ̀ orúkọ mọ́ orúkọ. Ó tún ẹ̀jẹ̀ mìíràn fà lápá ọkùnrin náà, ó kọ orúkọ sí i lójú mi, ó tún un ṣe.

AC. Mi ò bẹ Onísùúrù. Ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Káàdì mẹ́ta báyìí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta AA, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde sí AC, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ ti àárín ọdún méjì kan náà. Mo wọ yàrá tí a ń kó ìwé àtijọ́ sí, eruku fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, mo gbé rẹ́jísítà ọdún yẹn jáde. Lábẹ́ ibi tí a ti ń kọ irú àyẹ̀wò tí a ṣe, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà láti òkè dé ìsàlẹ̀: ìgò, ìgò, ìgò.

Mo ti gbàgbé. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe gbàgbé. Ọdún méjì gbáko ni táńkì àtijọ́ fi bàjẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò tún un ṣe, ìgò la fi ń ṣiṣẹ́. A máa kán ẹ̀jẹ̀ sínú omi oògùn, a máa gbé ìgò náà síwájú bébà tó ní ìlà dúdú. Bí omi bá rú tí a ò rí ìlà, S wà níbẹ̀. Bí omi bá mọ́ tí a rí ìlà, kò sí S. Ibi tí ọgbọ́n ìgò mọ nìyẹn. C lè gbé àga síbẹ̀ kó jókòó, ìgò ò ní rí i. Gbogbo wa la mọ̀, wọ́n kọ́ wa. Ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ́ wa pé C ò pọ̀, nítorí náà bí omi bá ti mọ́, a kọ AA, a lu òǹtẹ̀, ó parí. Ta ló wá sọ pé C ò pọ̀? Ta ló kà á? Kò sẹ́ni tó kà á! Ìgò tí kò rí C la fi mọ̀ pé C ò pọ̀!

Mo ń ṣí ìwé náà lọ pẹ̀lú ìbínú, mo dé nọ́ńbà 417. Àbúrò mi ni. Oṣù kan ṣáájú ìgbéyàwó rẹ̀. "Ìgò. Omi mọ́. AA." Ìbuwọ́lùwé mi wà níwájú rẹ̀, mo tiẹ̀ fa ìlà ọ̀ṣọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 19

Mo ní ara mi ò yá. Mi ò lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 20

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Òwe náà dára, àmọ́ kò gbà mí.

Ènìyàn mọ́kànlá ló wà ní pálọ̀ àbúrò mi lọ́jọ́ tí a lé ìyàwó rẹ̀. Èmi ni wọ́n pè, nítorí èmi ni mo mọ̀wé ẹ̀jẹ̀. Mo dìde dúró. Mo gbé káàdì àbúrò mi sókè bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ. Mo ní AA kò lè bí C, ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́. Ìyàwó wa gbé ọmọ sẹ́yìn, ó ní, "Àǹtí, mo bẹ̀ yín, ẹ tún ti ọkọ mi yẹ̀ wò." Ohun kan ṣoṣo tó tọrọ nìyẹn. Àyẹ̀wò tí kò gbà ju wákàtí méjì lọ, tí táńkì sì ti wà nígbà yẹn! Mo ní, "Ṣé ìwọ ni wàá kọ́ mi níṣẹ́ mi?" Màámi pàtẹ́wọ́.

Mo fẹ́ kí ẹnì kan bú mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀, torí náà èmi náà ni mò ń bú ara mi, mi ò sì mọ ọ̀nà tó dáa tó láti gbà bú u.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi. Ó ń kan àga. Mo ní kó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, mo gbé abẹ́rẹ́ wá.

"Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ sọ pé AA ni mí."

"Mo ṣìṣe."

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́."

"Ẹ̀jẹ̀ ò purọ́. Èmi ni mo purọ́."

Ó gbé òòlù sílẹ̀. "Ẹ gbọ́, mo ti lé ìyàwó mi. Mo ti sọ ìdí rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Ṣé ẹ fẹ́ kí n wá máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, kí n máa sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọ̀rọ̀ mi padà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mú ayùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́ pákó kan tí ẹnikẹ́ni ò ní kó rẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà á, mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Mo bínú débi pé mo gbàgbé abẹ́rẹ́ mi síbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 24

Ọ̀gá ka ohun tí mo kọ, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"AC kì í ṣàìsàn. Kó wọn pọ̀ mọ́ AA, kí ìjábọ̀ wa lè rọrùn kà."

"Ọ̀gá, bí AC bá fẹ́ AS ńkọ́?"

"Ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán wa."

"Wọ́n ní ká ka iye tó wà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán wa gan-an nìyẹn, sà."

Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀ padà. "Àwọn tí a fi ìgò kọ AA fún, mélòó ni wọ́n?"

"Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀fà."

"Ṣé o wá fẹ́ kí gbogbo wọn kóra jọ sẹ́nu géètì wa pẹ̀lú lọ́yà?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n wá pẹ̀lú apá wọn."

Ó ní kí n jáde. Mo jáde. Mo gbá ilẹ̀kùn náà dáadáa, gíláàsì rẹ̀ sì sán. Ilé ìwòsàn ló máa tún un ṣe.

Ọjọ́rú, 26

A ti rí káàdì ìgò 110. Mọ́kànlá nínú wọn jẹ́ AC. Ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Onísùúrù ṣe ìṣirò náà sórí páálí ìbọ̀wọ́, ó sì rọra yí páálí náà dojú bolẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ọjọ́ ibùdókọ̀. Ó ní, "Ó ti tán, Àǹtí." Inú tún bí mi pé ó tètè gbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹta

Láàárọ̀ mo pe ìyàwó wa lẹ́ẹ̀mẹfà. Kò gbé e. Ó kàn mí.

Lọ́sàn-án, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ọmọdé gbé ẹ̀jẹ̀ wá kí n wò ó kíákíá. Mo ka orúkọ tó wà lára ike. Orúkọ àbúrò mi ló tẹ̀ lé ti ọmọ náà. Gbogbo oṣù tí a fi lé e, tí a ní ọmọ náà kì í ṣe tiwa, ìyá rẹ̀ ò yí orúkọ rẹ̀ padà.

Mo lọ sí wọ́ọ̀dù. Ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wú bí búrẹ́dì, kò lè ká ìka. Ó ti ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá rẹ̀ ń fi aṣọ gbígbóná pa á lọ́wọ́. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ ǹ lẹ́, Àǹtí," ó sì tún tẹrí ba sí iṣẹ́ rẹ̀. Mo yẹ omi tó ń kán sí ọmọ náà lára wò bí ẹni pé iṣẹ́ mi ni, mo jáde.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mo pe àbúrò mi. Mo ní, "Ọmọ rẹ wà ní wọ́ọ̀dù. Bí o ò bá wá fún mi ní ẹ̀jẹ̀, màá wá fà á lára rẹ níwájú àwọn oníbàárà rẹ, bó bá gba kí n jókòó lé ọ láyà." Àwọn ènìyàn ń wò mí. Kí wọ́n máa wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ó wá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó na apá, ó yíjú sí ògiri.

Mo fi ti Onísùúrù àti tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé táńkì ṣìnà. Onísùúrù, ìlà kan. Èmi, ìlà kan. Àbúrò mi, ìlà méjì, èkejì rọra jókòó sẹ́yìn níbi tí C máa ń jókòó sí. Ó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Mo fi bébà náà hàn án. Ó ní, "Ta ni mo wá lé?" Ó jókòó sórí páálí ìbọ̀wọ́, ó sunkún. Mo jẹ́ kó sun ún. Mi ò fọwọ́ kàn án, nítorí inú rẹ̀ ń bí mi, inú tèmi gan-an sì ń bí mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 6

Wọ́n ti dá ọmọ wa padà sílé. Mo bá ìyàwó wa lẹ́nu iṣẹ́ ìránṣọ rẹ̀ nínú ilé ìyá rẹ̀. Ó ń ran kọ́là mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ìgò, táńkì, nọ́ńbà 417. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lórí ẹ̀rọ. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, Àǹtí. Abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

Mi ò dìde. Ó já òwú, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà sápá kan.

"Níbo lẹ ti sọ ti àkọ́kọ́?"

"Ní pálọ̀ ọkọ rẹ."

"Ènìyàn mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Mọ́kànlá."

"Ẹ lọ sọ ọ́ níbẹ̀."

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo kó mọ́kọ̀ọ̀kànlá jọ. Ẹni tó ní òun ń lọ síbi kan, mo lọ gbé e nílé. Ìyàwó wa wá, ó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Mo dìde dúró. Mo ní, "Lọ́jọ́ yẹn mo sọ níbí pé àbúrò mi jẹ́ AA. Irọ́ ni. AC ni. Òun ló fún ọmọ ní C, ìyàwó wa ló fún un ní S. Ọmọ wa ni. Èmi ni mo kọ káàdì yẹn, mo mọ̀ pé ìgò tí mo fi kọ ọ́ ò lè rí C, mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Obìnrin yìí ní kí n tún un yẹ̀ wò, mo bú u."

Màámi ní, "Níbo ni C á ti wọ ìdílé wa?"

"Láti ọ̀dọ̀ yín tàbí láti ọ̀dọ̀ Bàámi."

"Ẹnu ẹ!"

Àbúrò bàbá wa dá sí i. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní ọpẹ́ ló yẹ ká dá, pé kò sí ohun tí Ọlọ́run ò lè tún ṣe. "Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Lọ kó ẹrù rẹ wá."

Ìyàwó wa dìde. Kò pariwo. "Bàbá, ẹ ṣé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní mo ṣe ìṣekúṣe, ẹ gbà. Lónìí tí wọ́n ní mi ò ṣe é, ẹ gbà. Káàdì lẹ gbà gbọ́ nígbà méjèèjì. Èmi náà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo wà níbí, mo la ẹnu, mo sọ̀rọ̀."

Ó gbé ọmọ pọ̀n. Àbúrò mi tẹ̀ lé wọn títí dé géètì, ó ń bẹ̀bẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn wọn. Obìnrin náà ní oògùn ọmọ kò gbọdọ̀ tán, pé kó máa gbé e wá ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, kó sì máa kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó kọjá lọ. Nínú pálọ̀, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé ó ti gbéraga jù. Mo sọ ohun tí mi ò lè kọ síbí fún wọn.

Ọjọ́rú, 12

A parí. Ènìyàn 1,920. AA 1,267. AS 461. AC 145. SC 22. SS 19. CC 6. Bí a bá kó mẹ́ta jọ níbikíbi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé ẹnì kan nínú wọn gbé S tàbí C káàkiri lára, ara rẹ̀ le, kò sì mọ̀. Gbogbo wọn ni "kò sí nínú ìdílé wa."

Ọ̀gá fẹ́ pa ìlà AC rẹ́. Mo ti fi ìjábọ̀ náà ránṣẹ́ láàárọ̀ kó tó jí. Mo kọ ìkéde sí ẹnu géètì: ẹni tó bá gba káàdì AA lọ́wọ́ wa lọ́dún méjèèjì yẹn, kó padà wá, ọ̀fẹ́ ni. Ó fà á ya. Mo kọ òmíràn. Ó tún fà á ya. Onísùúrù fi ọ̀dà kọ ẹ̀kẹta sára ògiri.

Mo fa ẹ̀jẹ̀ Màámi. AC. Ó ní táńkì yẹn ti bàjẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 17

Ènìyàn 43 ló wà lórí bẹ́ǹṣì kí n tó ṣí ilẹ̀kùn. Mi ò rò pé wọ́n á pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Obìnrin kan ló kọ́kọ́ wọlé, ó fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé káàdì ọkọ síwájú mi. Wọ́n ti fi ọ̀rá bò ó kó má bàa gbó.

"Ta ló kọ èyí?"

Tẹ́lẹ̀, màá ní ilé ìwòsàn ni. Mo ní, "Èmi ni mo kọ ọ́, mà."

"Ẹ̀yin gan-an?"

"Èmi gan-an."

"Orí ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ yìí la fi bí ọmọ méjì. Ọ̀kan ló kù."

Ó fọ́ mi létí. Onísùúrù dìde. Mo ní kó jókòó. Ọkọ obìnrin náà dúró, kò mọ ibi tó máa wò, mo sì ní kó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Mo wé rọ́bà mọ́ ọn lápá, mo bẹ̀rẹ̀ sí wá iṣan.